Ipò Kìíní Àyìnkẹ́

Lọ́dún 1991, Ọdẹ́tọ́lá, akọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kúrò ní Ìjẹ̀gùn wá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Àyìnkẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Sáà mẹ́ta léraléra ló fi gba ipò kìíní nílé ìwé ìjọba ní Ìjẹ̀gùn, kò sì sí àlejò tí bàbá rẹ̀ kì í fi káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ hàn.

Ilé ìwé ìjọba mìíràn ni wọ́n mú un lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, kó lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì karùn-ún. Ìyáàfin Matilda, ọ̀gá ilé ìwé náà, wo káàdì rẹ̀, ó sì na ìwé kan sí i.

"Kà á fún mi."

Àyìnkẹ́ ka ọ̀rọ̀ méjì, ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ń fi ìka tọ ìlà, ó sì ń sọ ìtàn kan tí kò sí nínú ìwé náà rárá. Àwòrán ló ń wò.

Ìyáàfin Matilda rọra gba ìwé náà. "Bàbá Àyìnkẹ́, ẹ má bínú. Kíláàsì kẹta ni yóò ti bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́tọ́lá gbàyè níbi iṣẹ́, ó sì fi ìbínú gba Ìjẹ̀gùn lọ. Ìjì ti ṣí páànù ilé ìwé náà. Ó bá Tíṣà Nùsírátù, tó kọ́ Àyìnkẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi òjìji ògiri, pẹ̀lú kíláàsì méjì tí wọ́n dà pọ̀. Àwọn ọmọ náà lé ní ọgọ́rùn-ún, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, ohùn tíṣà wọn sì ti há.

"Tíṣà, Àyìnkẹ́ ò mọ̀wé kà."

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì fún un ní ipò kìíní?"

"Òun ló ṣe dáadáa jù nínú wọn." Obìnrin náà nawọ́ sí àwọn ọmọ náà. "Tí mo bá ní kí wọ́n máa kàwé fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, sáà á parí kó tó kan gbogbo wọn. Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ẹ ti ní kó kàwé fún yín rí nílé?"

Ọdẹ́tọ́lá ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí tíṣà náà má bínú, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Àyìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹta. Òun ló ga jù níbẹ̀, àwọn ọmọ kan sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ á jókòó tì í, wọ́n á jọ máa kàwé ní sílébù-sílébù. Nígbà tí sáà kejì ń parí lọ, Àyìnkẹ́ ka odindi ojú ìwé kan láìdúró.

Ọdẹ́tọ́lá gbá a mọ́ra. Ṣùgbọ́n Àyìnkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

"Dádì, Jọkẹ́ tó ṣe ìkejì ní Ìjẹ̀gùn ńkọ́? Ta ló ń bá òun kàwé?"