Ife Tí Wọ́n Dojú Rẹ̀ Dé

Orí àtẹ̀gùn ni ojú wọn ti ṣe mẹ́rin. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rọ́ sọ̀kalẹ̀ gìrìgìrì. Ọmọbìnrin aránṣọ kan wà láàárín wọn, ó gbá aṣọ ìyàwó kan mọ́ àyà, ó ń gbé e lọ fún oníbàárà nísàlẹ̀. Nínú gbogbo èrò yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gòkè: jórinjórin kan, géńdé gíga, tí iná iṣẹ́ ti dá ihò wẹ́wẹ́ sí lápá ẹ̀wù. Ó fara ti ògiri kí wọ́n má baà gbá a lọ. Ó gbójú sókè, ojú tútù tó ti rẹ̀, bí ojú ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Ọkàn ọmọbìnrin náà fò fẹ̀rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó lanu, nínú ọkàn rẹ̀, ó ti gé aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀, ó ti ń ran apá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni jórinjórin wí, "ṣé ẹ rí ife kan lórí àga lókè yìí, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé?"

"Ife?"

"Wọ́n ní ilẹ̀kùn tí mo bá ti rí i, kí n wọlé. Mo wá ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mi ò rí i." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn tó ń fi ọtí sílẹ̀ ló ń pàdé níbẹ̀. Wọn kì í kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, torí ojú èrò. Nígbà tí mi ò rí ife, ilé ọtí ni mo gbà lọ."

Ọmọbìnrin náà wá mọ̀ pé òun ló fà á. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń rí ife lẹ́nu ilẹ̀kùn ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rò pé ẹnì kan ló mu tíì tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Á gbé e, á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, á fi í kọ́ sára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ máa ń yìn ín pé, "Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé!"

"Bóyá kì í ṣe òní," ni jórinjórin wí, ó ti ń yíjú padà. "Màá tún wá."

Ohùn yẹn kò dún bí ohùn ẹni tó máa tún wá. Ọmọbìnrin náà gbé aṣọ ìyàwó lé e lọ́wọ́ méjèèjì. "Ẹ bá mi gbé e. Tó bá fi kanlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọ̀gá mi á pa àwa méjèèjì." Bí kò ṣe lè sá lọ mọ́ nìyẹn; ó ń tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́.

"Ṣé oníbàárà ló kọ aṣọ ni?" ni ọ̀gá bi wọ́n.

"Rárá mà. Ife la wá mú."

"Ife kẹ̀? Ṣé ibí ti di ilé oúnjẹ ni?"

Ọmọbìnrin náà já ife lára ìṣó, ó lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé sórí àga. Jórinjórin dúró, ó ń wò ó. Etí aṣọ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo máa ń gun orí òrùlé ilé alájà gíga lọ jó irin, ẹ̀rù kì í bà mí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí…"

"Igi lásán ni. Irin lẹ ti ń ṣẹ́gun, ẹ wá ń bẹ̀rù pákó!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kan ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ló ṣí i. "Háà! Ta ló gbé aṣọ ìyàwó wá sípàdé wa? Ìyàwó dà?" Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Bàbá wo ojú rẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Wọlé, ọmọ mi. A ti fi àga sílẹ̀ dè ọ́."

Jórinjórin dá aṣọ padà, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà, aránṣọ ló ń gbé ife síta. Ó ń rí jórinjórin tó ń gòkè, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ọtí ń rùn lára rẹ̀, kò lè wo ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó gòkè, ó kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ ọmọbìnrin náà lára tán. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣubú. Àwọn mélòó ló ń fi ẹsẹ̀ ara wọn gun àtẹ̀gùn lọ sọ pé àwọn ṣubú?

Ṣùgbọ́n "Ẹ kú iṣẹ́" nìkan ni jórinjórin ń sọ, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ara ọmọbìnrin náà ò gbà á mọ́, ó bi Bàbá Awakọ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

"Ẹni tó ń kọ́ ìdìde, kì í gbé ẹlòmíràn pọ̀n," ni Bàbá dá a lóhùn. "Nínú ẹgbẹ́ wa, kí ọdún kan tó pé láìfẹnu kan ọtí, a kì í kó sínú ìfẹ́ tuntun. Ó ti kọ lẹ́tà kan, ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀. Má bi mí pé ta ló kọ ọ́ sí o."

"Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ tán!"

Ọdún náà yí po. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún ń rọ́ sọ̀kalẹ̀ gìrìgìrì, aránṣọ wà láàárín wọn, ó gbá aṣọ mọ́ àyà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gòkè. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Bàbá ní ọwọ́ ara mi ló yẹ kí lẹ́tà yìí ti wá," ni jórinjórin wí.

Èrò ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà gbé aṣọ sí apá kan, ó na ọwọ́ kejì. Ọwọ́ jórinjórin ò gbọ̀n rárá nígbà tó fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.