Ibi Tí Rédíò Máa Jókòó

Rédíò ni wọ́n ń pè é ní báńkì náà, kò sì sẹ́ni tó jókòó ro orúkọ yẹn kó tó sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó wọṣẹ́ gan-an ló bá ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe sọ̀rọ̀, títí ọkùnrin náà fi gbàgbé irinṣẹ́ rẹ̀ sórí àjà. Ọmọbìnrin dáadáa ni, ìṣirò kì í ṣòro fún un, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ fún un láti kékeré.

Báńkì yìí kì í ṣe irú èyí téèyàn ń lọ fowó pamọ́ sí. Ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tówó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nínú yàrá gbọọrọ kan tó kún fún kọ̀ǹpútà, tábìlì méjì ló kọjú síra wọn. Àwọn ará tábìlì oníbàárà ló ń bá àwọn tó fẹ́ ṣòwò sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn ará tábìlì káràkátà ló ń dá iye lé ọjà. Ẹni tuntun á kọ́kọ́ jókòó sídìí méjèèjì fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á yan ọ̀kan, ibẹ̀ ló máa wà. Ọjọ́ Ẹtì ni Rédíò gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀.

Káràkátà ló wù ú. Ká má tan ara wa, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀hún gan-an. Ohun tó wù ú ni kẹ́nì kan rí i lẹ́ẹ̀kan péré láyé yìí, kó má sì sọ pé ẹnu nìkan ló ní. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ẹnu tiẹ̀ náà kì í dilẹ̀, ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ìdí tábìlì oníbàárà lọmọ òun ń lọ, ibo ni ìbá tún lọ? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Rédíò lákínyẹmí ara.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ nílé. Bí ìyá rẹ̀ bá ní báwo nibi iṣẹ́, á ní dáadáa ni. Bó bá ní àwọn wo ló wà níbẹ̀, á ní èèyàn ni wọ́n. Ìyá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án lọ́rùn bóyá ibà ni. Nígbà tó yá, ó ní kó lanu kóun wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó rọra béèrè ta ni ọkùnrin náà, ṣé kò kúkú níyàwó nílé?

Òfin kan wà ní tábìlì káràkátà tó ń fojú Rédíò rí màbo. Bí oníbàárà bá béèrè iye, méjì ni wọ́n ń dá fún un: iye tí báńkì máa fi rà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye tí báńkì máa fi tà fún un. Wọn ò gbọ́dọ̀ béèrè èyí tó fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé o fẹ́ tà, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un láti já owó ọjà rẹ wálẹ̀. Ẹni tó bá béèrè, òun ló máa ra tíì fún gbogbo yàrá. Rédíò ti béèrè débi pé obìnrin tó ń ta tíì nísàlẹ̀ máa ń gbàdúrà fún un láràárọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá káràkátà, tí wọ́n ń pè ní Adákẹ́ nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀, dìde lórí àga rẹ̀, ó ní kí Rédíò jókòó. Bó bá lo àga náà dọ̀la láìra tíì, òun máa gbà á. Fún Adákẹ́, ọ̀rọ̀ tó ti sọ yìí ti tó ti ọ̀sẹ̀ kan.

Rédíò dá iye títí di ọ̀sán, kò béèrè nǹkan kan, àgbọ̀n rẹ̀ sì ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tábìlì oníbàárà, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, tẹ fóònù rẹ̀ kí ohùn lè jáde síta. Bàbá tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn awakọ̀ rélùwéè ló wà lórí ẹ̀rọ. Bàbá kí Àǹtí. Ó kí ọkọ Àǹtí. Ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá Àǹtí. Ó ní ṣé ẹ̀rọ amúlétutù wọn ti ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ìgbà yẹn ló tó ní òun fẹ́ mọ iye.

Rédíò ti mọ èyí tí Bàbá fẹ́ ṣe. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ Àǹtí, Bàbá yìí ló máa ń bá sọ̀rọ̀ jù. Bó bá fẹ́ rà, kì í kí ẹnikẹ́ni, á kàn sáré béèrè iye bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ tà nìkan ló máa ń kí ilé kí ọ̀nà, torí ojú máa ń tì í láti kó ọjà wá bá èèyàn. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n nínú yàrá náà.

Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un lóòótọ́. Bó bá já iye ìrà wálẹ̀ díẹ̀, báńkì á jèrè, ẹnu á ya Adákẹ́, àga á di tirẹ̀. Kò sì rú òfin, kò béèrè nǹkan kan. Àmọ́ ó rántí ohun tí Bàbá sọ fún un rí, pé àwọn àgbà awakọ̀ kan máa ń wá jókòó sí ọ́fíìsì òun nítorí atẹ́gùn tútù, wọ́n á máa sọ ìtàn ọkọ̀ tí wọ́n wà. Ó dá iye méjèèjì gẹ́lẹ́ bó ṣe máa dá a fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Bàbá ní òun tà á.

Rédíò dìde, ó mú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó béèrè àwọn tó fẹ́ ṣúgà.

Adákẹ́ ní, "O ò béèrè nǹkan kan."

"Mi ò béèrè, ọ̀gá. Àmọ́ mo ti mọ̀." Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìkíni náà fún un.

Adákẹ́ ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá iye fún bàbá yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń kí èèyàn." Ó jókòó padà sórí àga rẹ̀. "Bó o bá fẹ́ àga yìí, tìẹ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó rọrùn fún àwa tá a wà níbí ni pé a ò mọ àwọn oníbàárà."

Nísàlẹ̀, Rédíò àti obìnrin onítíì sọ̀rọ̀ títí tíì fi tutù. Inú Rédíò dùn lọ́jọ́ náà, ó sì yà á lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ó ń gbọ́ ti ẹnìkejì pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìdí tábìlì Àǹtí ló yàn. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má sọ pé òun kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ ń hó lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Rédíò sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí Bàbá dé orí tíì, ìyá ò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé yẹn.

Nígbà tó parí, ìyá nu ọwọ́. "Mi ò ní sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé ilé yìí pa rọ́rọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀rù bà mí."

Rédíò fara tì í.

"Ẹsẹ̀ ìyá Àǹtí yẹn ńkọ́," ni ìyá wí, "ṣé ó ti san?"

Rédíò ní kò tíì san. Ìyá ní kó fún òun ní nọ́ńbà wọn.