Ẹ Má Ṣí I Wò

Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, Ayọ̀níkẹ́ sì ti há a sórí: kí Yọ̀mí má tẹrí ba, kó má gbé nǹkan tó wúwo, kí wọ́n má fi ohunkóhun sójú egbò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé, kí wọ́n ká aṣọ mímọ́, kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n má ṣí i wò rárá. Ẹni tó bá ń ṣí i wò, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣí sílẹ̀.

Àfín ni Yọ̀mí ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì sì ni. Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ní Asese láìdé fìlà, ó ní ooru ń mú òun. Ṣé oòrùn wá gbàgbé ẹ̀ ni? Jẹjẹrẹ yọ níwájú orí rẹ̀. Dókítà gé e kúrò, wọn ò sì ran ojú ibẹ̀, wọ́n ní kó máa jinná díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n padà sílé ní Magboro, Baba Ògúnlàdé, bàbá Yọ̀mí, ti Ifọ̀ wá kí i láàárọ̀. Kí Ayọ̀níkẹ́ tó lanu, ọkọ ẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ wo ọmọlúàbí tó fẹ́ para ẹ̀! Nígbà tó máa dìde, ẹ̀jẹ̀ ti gba inú báńdéèjì, ó ń ṣàn wọ ojú rẹ̀.

Ayọ̀níkẹ́ ò pariwo. Ó mú un jókòó, ó dúró tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ aṣọ mímọ́ mọ́ ojú egbò náà. Ó ní kí Yọ̀mí máa wo aago fóònù.

Baba ti já ewé akíntọ́lá lẹ́yìnkùlé, ó ń ra á lọ́wọ́ wọlé. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ewé yìí lòun fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóko láti kékeré. Kò parọ́, Ayọ̀níkẹ́ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ àdá kọ́ nìyí.

“Ṣí i, kí n fún un sí i.”

Láti ọdún mẹ́sàn-án tí Ayọ̀níkẹ́ ti wọlé wọn, kò sọ pé rárá fún bàbá yìí rí, kò sì ráyè kúnlẹ̀ báyìí.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò ní ṣí i.”

Baba bèèrè bóyá òun ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ rò ó lọ́kàn: Ìbínú àgbà, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun tó bá dà sílẹ̀, ta ni yóò bù ú padà? Ó tẹ̀ ẹ́ sí i.

Nígbà tí Yọ̀mí ka ìṣẹ́jú kejìlá, apá ìyàwó rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Baba rí i. Ó da ewé nù, ó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó wá gbé e lé orí ọwọ́ Ayọ̀níkẹ́.

“Rọra fa tìẹ yọ, kí o jókòó,” ó ní. “Mi ò ní ṣí i.”

Yọ̀mí ní ogún ti pé, Baba ní kí wọ́n fi márùn-ún kún un. Nígbà tí wọ́n wá wò ó, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Yọ̀mí fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ọwọ́ Baba ló dá a padà sórí àga.