Ilé Mẹ́ta Lórí Òkè Ìdẹ̀ra

Ọmọ mi ní kí n yan ilé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n mú ẹran kan nínú ìṣasùn. Olúwaṣẹ́gun lorúkọ rẹ̀, òun nìkan ni ọmọ tí èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi bí tó dúró. Àbújá ló ń gbé. Ibẹ̀ ló ti rí owó, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pàṣẹ fún bàbá ẹni.

Orí òkè kan lẹ́yìn Ìkìrun, lọ́nà Inísà, ni àwọn ilé ọ̀hún wà. Òkè Ìdẹ̀ra ni wọ́n sọ ibẹ̀. Nígbà tí mo ń wa bọ́ọ̀sì láti Òkúkù lọ sí Òṣogbo, kò sí ìdẹ̀ra kankan níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń gùn ún, àwọn obìnrin sì máa ń lọ ṣẹ́gi níbẹ̀ tí ejò á lé wọn wálẹ̀. Ní báyìí wọ́n ti da ọ̀dà sójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n fi géètì dí i lẹ́nu, wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, ejò inú rẹ̀ sì ti di olówó.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ilé ni pé mo ṣubú ní balùwẹ̀ nígbà òjò èṣí. Mo wà nílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ kí aládùúgbò tó gbọ́ ohùn mi. Eékún mi wú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Ṣẹ́gun ti ń pè mí láràárọ̀ bíi wọ́dà tó ń ka ẹlẹ́wọ̀n. "Bàámi, ṣé ẹ jí?" Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Èmi náà á ní, "Ṣé o fẹ́ kí n má jí ni?" Lẹ́yìn náà a óò jà díẹ̀, òun á sì lọ síbi iṣẹ́.

Ó ní òun kò lè máa sùn ní Àbújá kí òun máa ronú bàbá tó dá wà ní Òkúkù. Mo ní kó sùn. Ó ní lórí òkè yẹn iná kì í lọ, dókítà wà ládùúgbò, bọ́tìnnì kan sì wà nínú balùwẹ̀ téèyàn lè tẹ̀ bó bá ṣubú. Mo bi í pé ṣé ẹni tó ti ṣubú ni yóò dìde lọ tẹ bọ́tìnnì. Inú bí i, inú bí èmi náà. Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Mo ní ilé. Èmi ni mo kọ́ ọ, létí títì ní Òkúkù, pẹ̀lú owó bọ́ọ̀sì. Àbẹ̀kẹ́ sì wà níwájú rẹ̀, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ṣẹ́gun ló sin ín, n kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sin ìyá rẹ̀ débi pé àwọn ará ìjọ Aládùúrà tí ìyá rẹ̀ ń lọ kò tíì dákẹ́ lórí rẹ̀, gbogbo Òkúkù sì ń wí pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn pé ẹ̀gbẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n tẹ́ mi sí bó bá kàn mí. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ sàréè rẹ̀. N kì í bá a sọ̀rọ̀, orí mi kò dàrú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, n kò sì rí ìdí tí mo fi ní láti jáwọ́.

Kí n má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ òkè mọ́ ni mo ṣe bá Ṣẹ́gun lọ wò ó nígbà tó wálé. Ajẹ́ǹtì tó ń mú wa kiri ń jẹ́ Rẹ̀mí, ọmọ Ìbà, ọkùnrin kan tí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ ju eyín rẹ̀ lọ. Máígádì ẹnu géètì kò kí mi. Ó wo bàtà mi, ó wo mọ́tò ọmọ mi, ó sì pinnu pé mọ́tò ni òun máa ṣí géètì fún.

Ilé kìíní jẹ́ alájà, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dán bíi dígí. Mo bi Rẹ̀mí pé ṣé ẹni tó ṣubú ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé gun àtẹ̀gùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣẹ́gun kò rẹ́rìn-ín.

Ní ilé kejì, mo rí obìnrin kan tó ń bomi rin òdòdó nínú ọgbà ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o. Kò dáhùn. Mo rò pé kò gbọ́ ni, mo tún kí i. Ó fa fóònù yọ, ó sì wọlé. Kò pẹ́ tí máígádì kan fi gun ọ̀kadà dé, ó ní wọ́n pe òun pé àjèjì kan ń yọjú sí ọgbà onílé. Èmi ni àjèjì náà. Mo wo ojú ọmọ mi kó bá mi sọ fún un pé bàbá òun kì í yọjú sọ́gbà ẹnikẹ́ni. Ohun tí Ṣẹ́gun ṣe ni pé ó lọ sẹ́nu ọ̀nà obìnrin yẹn, ó bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ nítorí pé mo kí i. Bí mo bá ní ẹgba lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ ẹni tí n bá kọ́kọ́ nà nínú àwọn méjèèjì.

Mo ní kí a máa lọ. Rẹ̀mí ní ó ku ọ̀kan, pé èyí tó kù yẹn gan-an ni tèmi.

N kò ní purọ́, ilé kẹta wù mí. Kò ga. Yàrá rẹ̀ tutù, ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀. Téèyàn bá dúró lẹ́yìnkùlé, yóò máa rí gbogbo páànù Ìkìrun nísàlẹ̀, yóò sì máa rí títì tó ń lọ sí Inísà, ọ̀nà tí mo fi jẹun ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ààyè tó fẹ̀. Mo dúró lórí koríko yẹn, mo sì béèrè ohun tó yẹ kí ẹni tó ń yan ilé béèrè.

"Ibo lẹ máa sin mí sí níbí?"

Rẹ̀mí kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé pé òfin ẹ̀sítéètì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú sílé, nítorí pé ó máa ń já owó ilé wálẹ̀. Ó ní itẹ́ òkú kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n gbin òdòdó sí. Ṣẹ́gun ní ṣé a kò lè fi ọ̀rọ̀ ikú sílẹ̀ fún òní. Mo ní òun ló ń pè mí láràárọ̀ láti wò ó bóyá mo ti kú.

"Kò burú," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa gbé ibí. Bí mo bá kú, kí ẹ gbé mi padà sí Òkúkù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ."

Ọmọ mi wolẹ̀. Rẹ̀mí rò pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní, "Baba, ilé yín ti Òkúkù ti rí ẹni tó máa rà á. Alájì tó fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ilé epo ní ká tètè ṣe é, òun ò lè dúró mọ́."

Mo wo Ṣẹ́gun títí ó fi gbójú sókè. Mo bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́.

"A máa gbé wọn lọ síbi tó dáa, Bàámi. Wọ́n á rọra hú wọn. Wòlíì ìjọ wọn máa wà níbẹ̀."

"Ṣé iṣu ni ìyá rẹ tí wọ́n fẹ́ hú?"

"Òkú ni wọ́n," ni Ṣẹ́gun wí, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ti lọ. Ẹ̀yin lẹ ṣì wà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ tọ́jú, mi ò sì lówó ibí yìí láìjẹ́ pé mo ta tọ̀hún."

Bí ẹlòmíràn bá gbọ́ ọ, yóò ní ọmọ náà kò wí ohun tó burú. Èmi gbọ́ ọ, ara mi gbóná bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi lẹ́yìn. Nígbà tí a délé ló sọ pé Alájì ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ ní ìparí oṣù, kí n jọ̀wọ́ má dójú ti òun. Mo ní kó máa mú un bọ̀. Ó rò pé mo ti gbà, ó sì padà sí Àbújá pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ilé náà kò ṣeé tà bí n kò bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Bí mo bá kọ̀ lẹ́nu lásán, yóò dúró títí n óò fi kú, yóò wá tà á. Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ti Ṣẹ́gun tún wá yàtọ̀: ìyá ti sùn, ó fẹ́ lọ jí i.

Mo ránṣẹ́ pe Ifákẹ́mi, bíríkìlà kan tó wá láti Igbaye, mo fi ibi tó máa gbẹ́ hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò tíì sí. Ó wò mí, ó tún wo ilẹ̀, ó ní, "Baba, ṣé ara yín le báyìí?" Mo ní ara mi le, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fojú ara mi rí i bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ burúkú fún mi.

Ó gbẹ́ ẹ, ó fi búlọ́ọ̀kù gbé e, ó rẹ́ ẹ, mo sì ní kó lẹ táìlì funfun sí i nínú. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Àwọn àgbà kan ti ṣe tiwọn sílẹ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n wọ́n dé e, wọ́n sì dákẹ́. Èmi kò dé tèmi. Mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu kó dojú kọ títì, mo ní kí Ifákẹ́mi kọ orúkọ mi, ÒGÚNFÚNMI, gàdàgbà sí orí rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà sí mi pé kí Olúwa bá mi lé ẹ̀mí ikú jìnnà. Mo ṣe àmín, mo sì ní kí wọ́n rọra o, kí wọ́n má jìn sí i.

Ní ìparí oṣù, Ṣẹ́gun mú Alájì dé. Èèyàn gidi ni Alájì náà, ó kí mi dáadáa. Ibi tó ti ń yọ bàtà láti wọlé ló ti rí ihò funfun náà. Ó bi mí pé sàréè ta nìyẹn.

"Tèmi ni," ni mo dáhùn. "Ìyàwó mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ra ilẹ̀ yìí, Alájì, ẹ ra èmi náà mọ́ ọn nìyẹn."

Alájì ní aúsù bílláhì. Ó wọ bàtà tó fẹ́ bọ́ padà. Ó ní òun kò lè ri táńkì epo mọ́ ibi tí alààyè ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ sùn, owó kan kò ní jẹ́ kí òun ṣe é, bàbá náà ì báà kú lọ́la. Ó ní kí Ṣẹ́gun má pe òun mọ́ lórí ilẹ̀ yìí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Inú mi dùn. N kò ní tàn yín, ó dùn débi pé mo jókòó sórí àga mi, mo na ẹsẹ̀. Ṣẹ́gun dúró létí ihò náà, ó ń wo inú rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó má bínú, òun ló ní kí n yan ilé, mo sì ti yàn án.

Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò nínú táìlì yẹn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ ti yan ilé lóòótọ́, Bàámi," ló wí. "Ẹ lọ wá ẹni tó máa gbé yín wọ̀ ọ́."

Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Mo rò pé ìbínú ọmọdé ni. Mo ní tó bá di ọ̀la, yóò pè.

Ọ̀la dé, kò pè. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, n óò sì rọra di ògiri mú kí n tó wọ balùwẹ̀. Bí òjò bá dá, n óò gbé abọ́ lọ gbọ́n omi kúrò nínú ilé tuntun mi kí ẹ̀fọn má baà kó sí i. Lẹ́yìn náà n óò jókòó ti Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lú fóònù lórí itan mi, ní àkókò tí ó máa ń dún tẹ́lẹ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n wí i níwájú mi nígbà tí a sin ín, èmi náà sì bá wọn ṣe àmín sí i. Sàréè mi ti wà. Táìlì rẹ̀ dára ju ti balùwẹ̀ orí òkè lọ.

Láàárọ̀ yìí, èmi ni mo pè é. Ó dún títí, ó gbé e, kò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo dúró kó bi mí ní ohun tó máa ń bi mí, kò bi mí.

"Ṣẹ́gun," ni mo wí, "mo jí o."

Ó pa fóònù náà.