Ìkùukùu tí Màmá Nù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹnu ṣe ń ṣèkà, ì bá wà nílé Aláwò-ojú láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ fi àkísà nu àwòrán. Aláwò-ojú ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí pé awò ojú ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, àwòrán yíyà ló kù. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn wọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ó ń wo tàwọn ẹlòmíì, ó ń ra ọ̀dà olóròóró, ó sì ń fi í ba aṣọ jẹ́.

Àwòrán yìí ló fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Àwọn òkè ló yà, odò kan ń gba ìsàlẹ̀ wọn kọjá, igi wà létí odò. Ó wá fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun ìdí àwọn òkè náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ní ìkùukùu àárọ̀ nìyẹn. Ká sòótọ́, kò jọ ìkùukùu. Eruku ló jọ. Ó gbé e ti ògiri pálọ̀ kó lè gbẹ, torí ọ̀dà olóròóró kì í kánjú. Ó lè pé ọ̀sẹ̀ kan kó ṣì máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Màmá, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀ nínú ilé, rí eruku, ó sì nù ún.

Nígbà tí Aláwò-ojú jáde láti bálùwẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣì ń nù ún lọ tìfẹ́tìfẹ́. Ó figbe ta.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Ẹ ti bà á jẹ́! Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ni? Ilé mi nibí o, kì í ṣe ilé yín!"

"Mo rò pé eruku ni," ni Màmá wí. Ó wo àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó tún sún mọ́ àwòrán náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ mi. Mo ṣáà ti ń sọ fún ẹ."

Lóòótọ́ ló ti ń sọ ọ́. Awò Màmá ti pẹ́, kò bá ojú rẹ̀ mu mọ́, ọmọ rẹ̀ tó sì ń ṣe awò fún tẹrú tọmọ ń sọ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ inú tó ń bí i kò jẹ́ kó gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti di àlejò. Bó bá fẹ́ mu omi, á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè mú ife kan?" Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń pè ní mà! Aláwò-ojú á ní, "Ẹ̀yin náà, Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀." Màmá á ní ó ti dáa, á mu omi rẹ̀, á fọ ife, á padà lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á káwọ́ lé itan. Aláwò-ojú mọ ohun tó yẹ kóun sọ. Kò ju "ẹ máà bínú" lọ. Ó ń bọ́ sí i lẹ́nu, ó ń gbé e mì.

Ìbínú ló fi gbé àwòrán náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní iṣẹ́ òun àkọ́kọ́ nìyí, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣe ló ń retí kí wọ́n bú u, kó lè rí ẹ̀bi gidi dì ru Màmá.

Wọn ò bú u. "Ìkùukùu yìí mà ń rìn o!" lẹnì kan kọ. Ẹlòmíì ní odò àti igi yẹn ṣì le gbagidi, àmọ́ ìdí òkè yẹn, ọwọ́ àgbà ló wà níbẹ̀. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, tí kì í yin èèyàn bọ̀rọ̀, náà dá sí i: "Báwo lo ṣe rí i ṣe? Ṣàlàyé fáwọn tó ń kọ́ṣẹ́."

Ṣọ́ọ̀bù ni Aláwò-ojú ti kà á. Orí rẹ̀ wú. Ó dá a lóhùn pé búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ lòun lò, òun sì fi sùúrù ṣe é. Sùúrù! Ẹ gbọ́ irọ́ o. Àwọn èèyàn ń dúpẹ́, wọ́n làwọn á dán an wò nílé.

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ìyá àgbà kan fi wọlé, tó bọ́ awò rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Bá mi wò ó, ọmọ mi. Gbogbo nǹkan ló ń ṣe wúruwùru lójú mi." Kíá ló fún ìyá àgbà náà lájókòó tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú rẹ̀ wò. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú tó ń yẹ̀ wò.

Bí ìyá náà ti lọ, ó gbé fóònù: "Irọ́ ni mo pa. Ìyá mi ló fi àkísà nù ún. Wọ́n rò pé eruku ni, torí mi ò tíì ṣe awò tuntun fún wọn. Mo sì pariwo mọ́ wọn."

Ẹ̀rín sọ. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i!" lẹnì kan wí. "Ẹ bá wa kí Màmá, kí wọ́n wá nu tiwa náà!" Olórí ẹgbẹ́ ní kó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sídìí àwòrán náà.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré wálé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ìyìn títí dórí irọ́. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní kó wá nu tiwọn.

"Wọ́n ṣeun," ló wí. "Àmọ́ ká ní wọn ò yìn ín ńkọ́?"

"Ẹ̀n?"

"Ká ní wọ́n sọ pé mo bà á jẹ́, bó o ṣe sọ ọ́. Ṣé wàá wá jókòó síbí?"

Aláwò-ojú gbé fóònù sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Màmá," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ máà bínú."

"Mo ti gbọ́," ni Màmá wí. "Ó ṣì ń dùn mí."