Púlì Ìgbòkun Iwájú

Ìmọ́lẹ̀olúwa kò fẹ́ràn omi rárá, àfi èyí tó bá wà nínú korobá. Ṣùgbọ́n Zubaidah tí wọ́n jọ háyà yàrá ní Ajíbọ́dé ti sọ ọ́ di atukọ̀ tipátipá. Aránṣọ ni Zubaidah, ọmọ ìlú Ìrókò. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ìgbòkun méjèèjì tó ń gbé ọkọ̀ ojú omi wọn lọ, èyí ńlá tó wà lẹ́yìn àti èyí kékeré tó wà níwájú. Òun náà ló máa ń di ìtọ́kọ̀ mú. Iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀ ni láti máa fa okùn ìgbòkun iwájú, kó sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ síbi ìdíje lórí dáàmù kan lápá Ẹgbẹ́dá. Ọkọ̀ márùn-ún ló wá. Ẹni tí gbogbo wọn ń sá fún ni Bàbá Ajíbádé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí ẹnì kan na wọ́n gbẹ̀yìn.

Nínú eré àkọ́kọ́, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ló kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ojú Zubaidah ti le.

"O ò fa okùn yẹn dáadáa."

"Mo fà á títí èjìká mi fi ń dún! Bí mo ṣe ń fà á tó ni ọkọ̀ ń falẹ̀."

Zubaidah wo ìgbòkun iwájú. Ó ti gán àwọn òwú pupa kéékèèké mọ́ ọn lára, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí wọ́n lè máa fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ara rẹ̀ kọjá hàn.

"Èwo ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n nínú àwọn òwú yìí?"

"Ti òkè."

"Ti òkè? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìwọ lo ní kí n panu mọ́!"

Zubaidah fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó fa Ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tí okùn ti ń gba inú púlì kan kọjá. Púlì náà jókòó sórí irin oníhò, èèyàn sì lè sún un síwá sẹ́yìn. Irú rẹ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà níbi tí afẹ́fẹ́ tẹ ìgbòkun sí nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́.

"Ó ti wà lẹ́yìn jù," ó ní. "Ìsàlẹ̀ ìgbòkun nìkan ló ń fà. Òkè ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ń bá ibẹ̀ sá lọ."

Wọ́n sún púlì ọ̀tún àti ti òsì síwájú. Nígbà tí wọ́n padà sórí omi, gbogbo òwú náà nà tọ́ọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú eré kejì, ọkọ̀ wọn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Wọ́n ya ọkọ̀ mẹ́ta sílẹ̀, ó ku Bàbá Ajíbádé níwájú.

Ibẹ̀ ni òjò ti ṣú. Afẹ́fẹ́ yí padà di ìjì, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọlé.

"Òkè ìgbòkun ti gba afẹ́fẹ́ jù báyìí!" Zubaidah kígbe. "Lọ sún púlì sẹ́yìn!"

"Ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sún un síwájú ni!"

"Afẹ́fẹ́ tàárọ̀ kọ́ nìyí mọ́! Sún un!"

Ìmọ́lẹ̀ wo púlì tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti ń lá ọkọ̀. Ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí. Ó wo ẹ̀gbẹ́ òkè tí òun jókòó sí. Púlì kejì wà níbẹ̀, kò sí okùn tó le lórí rẹ̀, kò ṣiṣẹ́ kankan.

"Mi ò lọ síbẹ̀ yẹn," ó ní. "Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi ni màá sún. Tí mo bá ti sún un, yí ọkọ̀ padà, òun náà á sì gbaṣẹ́."

Ìmọ́lẹ̀ sún púlì náà sẹ́yìn, ó ní, "Ó yá!" Zubaidah ti ìtọ́kọ̀. Ọkọ̀ yípo, àwọn méjèèjì sá gba abẹ́ igi ìgbòkun ńlá kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, Ìmọ́lẹ̀ sì fa okùn ẹ̀gbẹ́ tuntun náà le. Òkè ìgbòkun ṣí díẹ̀, ó tu ìjì náà dànù. Ọkọ̀ wọn gbéra nílẹ̀.

Ọkọ̀ Bàbá Ajíbádé ṣì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí wọ́n ń bá a jìjàkadì, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, tí wọ́n sì kọ́kọ́ dé ibi kẹ́ẹ̀gì pupa tó jẹ́ òpin eré. Ariwo tí Ìmọ́lẹ̀ pa lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ ní Ọlọ́runṣògo lọ́hùn-ún.

Bàbá Ajíbádé náà ló gba ife, nítorí ipò tí kálukú mú nínú eré méjèèjì ni wọ́n pa pọ̀. Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó gbé e, wọ́n kọ́kọ́ wá bá àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì.

"Ta ló kọ́ yín ní ọgbọ́n yẹn, kẹ́ ẹ máa sún púlì tí kò ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀rù ni, sà," Ìmọ́lẹ̀ dáhùn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òjò dé kí wọ́n tó tú ìgbòkun tán, gbogbo wọn sì sá wọ abẹ́ tapólì ẹ̀yìn mọ́tò Bàbá, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà sísè, wọ́n sì ń jiyàn nípa afẹ́fẹ́.