Tíì Tí Kò Ní Mílíìkì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá Jasmine ti sọ pé àwọn ò ní wá síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ èmi àti Jasmine. Wọn ò bínú, wọn ò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ wọn ni pé ọmọkùnrin tí kò lè jókòó sójú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì tó gbé ìyàwó. Wọ́n ti rí mi lẹ́ẹ̀kan nílé wọn ní Ilford, ní London, mo sì jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe gbé tíì fún mi ni mo gbé e mì, ó bó mi lẹ́nu, mo fò dìde, mo sì lọ ń tú aago ògiri wọn tó ti dákẹ́ palẹ̀.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Iran ni wọ́n. Jasmine bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti wá sílé wa ní Yarnton Way lọ́sàn-án Sátidé kan, kí wọ́n tún mi wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa sọ bóyá wọ́n ń bọ̀ tàbí wọn ò bọ̀.

"Kí ni kí n sè fún wọn?" Mo bi Jasmine lórí fóònù.

"Tíì."

"Tíì nìkan?"

"Akin, bí o bá se tíì yẹn dáadáa, kò sóhun tó kù. Bí o bá bà á jẹ́, kódà kí o pa màlúù, òfo ni."

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, mo sì máa ń yanjú àdììtú inú ìwé ìròyìn tán kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi dé Woolwich. Mo bá mú tíì náà bí àdììtú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sè é. O ó gbé kẹ́tùlù kaná, o ó da omi híhó sórí ewé tíì nínú ìkòkò kékeré alámọ̀ funfun, pẹ̀lú horo méjì èso kan báyìí tó jọ àbúrò ataare. Lẹ́yìn náà o ó ṣí ìdérí kẹ́tùlù, o ó gbé ìkòkò náà lé e lẹ́nu, o ó sì fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó. Ooru omi ló ń sè é, iná ò gbọdọ̀ kàn án. Bó bá hó pẹ́nrẹ́n, ó ti korò. Bí ewé bá ṣì ń léfòó, kò tíì jinná. Ìgbà tí gbogbo wọn bá rì sísàlẹ̀ ló tó jinná. O ó wá bu díẹ̀ sínú gíláàsì kékeré, o ó fi omi gbígbóná là á títí yóò fi pupa, tí yóò sì mọ́ gaara débi pé o ó máa rí ìka rẹ lódìkejì. A kì í da ṣúgà sí i. Horo ṣúgà kan ni wàá fi eyín iwájú mú, tí wàá sì máa fa tíì gba ara rẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kẹta, Jasmine mu tèmi, ó dijú, ó sì ní kí n bu òmíràn wá. Mo mọ̀ pé mo ti mú un.

Mummy mi nìkan ni ọkàn wọn ò balẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe, Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í sì í fọ̀rọ̀ àlejò ṣeré. Wọ́n dúró ti àwọn gíláàsì mi láàárọ̀ Sátidé náà.

"Akíndélé, ṣé nínú ìdérí oògùn ikọ́ yìí lo fẹ́ bu tíì sí fún àna?"

"Bí wọ́n ṣe ń mu ún nìyẹn, Mummy."

"Mílíìkì ńkọ́?"

"Kò ní mílíìkì."

"Kò ní mílíìkì kẹ̀! Tíì tí kò ní mílíìkì, ẹni tínú ń run là ń fún un. Àbí inú ń run ìyá Jasmine ni?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ní aago mẹ́ta Jasmine pè. Òun àti màmá rẹ̀ ti bá ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò sí Woolwich, wọ́n ti dé Yarnton Way, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló jọra lójú wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò lé kẹ́tùlù lẹ́nu ni. Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Ká tó rí ibi gbé mọ́tò sí, ká tó gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta, ogún ìṣẹ́jú ti lọ.

Òórùn mílíìkì gbígbóná ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

Mummy mi dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti tíréè. Kọ́ọ̀bù ńlá mẹ́rin wà lórí rẹ̀, ó kún dé etí. Búrẹ́dì tí wọ́n ti pa bọ́tà sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìkòkò tíì mi wà ní kíṣìnnì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Mummy Jasmine! Ẹ jókòó, ẹ mu nǹkan gbígbóná." Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń bá ara wa sọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ti Mummy mi fi ń yà sí Yorùbá.

Màmá Jasmine gba kọ́ọ̀bù. Wọ́n wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga. Wọ́n gbójú sókè.

"Akin, ṣé ìwọ lo se èyí?"

Jasmine fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni, wọ́n á sì ní mi ò mọ tíì sè. Bí mo bá ní àṣìṣe Mummy mi ni, mo ti fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò, ta ló sì máa fọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mi ò rò ó pẹ́.

"Mummy mi ló sè é," mo ní. "Bí wọ́n ṣe ń fi hàn pé àlejò ṣe pàtàkì sí wọn nìyẹn. Tèmi ṣì ń bọ̀. Yóò gba ogún ìṣẹ́jú, ẹ bá mi fara dà á."

"Omi pupa lásán ló fẹ́ fún yín tẹ́lẹ̀," ni Mummy mi fi tì í lẹ́yìn, inú wọn ń dùn. "Èmi ni mo bá a tún un ṣe."

"Ẹ da mílíìkì sí i?"

"Odindi agolo! Pẹ̀lú Milo ṣíbí méjì."

"Ẹ tún sè é lórí iná?"

"Ó hó dáadáa, ẹ má mikàn."

Màmá Jasmine fọwọ́ bo ẹnu. Èjìká wọn ń gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. Wọ́n mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún mu ún.

"Tíì kọ́ nìyí," ni wọ́n wí. "Oúnjẹ ni."

"Ẹ ṣeun! Ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ nìyẹn. Ẹ ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́."

Wọ́n sì tì í bọ̀ ọ́.

Kò sí ìlẹ̀kùn láàárín kíṣìnnì àti pálọ̀ wa. Gbogbo wọn ń wò mí bí mo ṣe gbé omi kaná, tí mo da ewé, tí mo gbé ìkòkò lé ooru, tí mo bò ó. Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ẹsẹ̀ mi ń wá ibi tí yóò gbà. Mi ò jẹ́ kó lọ.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́tàlá Màmá Jasmine ké sí mi. "Akin, gbé e wá. Ó ti tó."

Mo ṣí ìdérí. Ewé ṣì bo ojú omi. "Kò tíì tó, mà."

"Akíndélé!" Yorùbá ni Mummy mi fi sọ ọ́, pẹ̀lú ojú tí mo mọ̀ láti kékeré. "Àgbà ń bá ọ sọ̀rọ̀, o ń jiyàn?"

"Ẹ má bínú, Mummy. Kò tíì tó."

Màmá Jasmine gbé báàgì wọn lé itan. "Ọ̀nà wa jìn. Mi ò fẹ́ kí èrò pọ̀ jù lẹ́nu ọkọ̀ ojú omi."

Jasmine bojú. Bí wọ́n bá dìde báyìí, ó tán nìyẹn. Ọwọ́ mi ti dé ara táwẹ́ẹ̀lì. Mo gbé e kúrò níbẹ̀.

"Ó ku ìṣẹ́jú méje. Bí mo bá gbé e wá báyìí, omi aláwọ̀ lẹ máa mu, ẹ ó sì ti rin ìrìn yìí lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Màmá Jasmine gbé báàgì padà sílẹ̀. Mummy mi bi wọ́n níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ní kọ́tìnnì làwọn ń rán, orúnkún ló sì ń dá àwọn lóró. "Tọ̀tún àbí tòsì?" "Tọ̀tún." "Tèmi náà nìyẹn! Àtẹ̀gùn yìí ló fà á." Bí ọ̀rọ̀ orúnkún ṣe gbé ìṣẹ́jú méje lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo tún ṣí i, ewé kan ṣoṣo ò sí lókè.

Mo bù ú, mo là á, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ti Màmá Jasmine fún wọn lórí ìkúnlẹ̀, mo gbé ti Mummy mi tẹ̀ lé e. Màmá Jasmine na gíláàsì sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n fi eyín mú ṣúgà, wọ́n mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Mummy mi náà gbìyànjú, ṣúgà bọ́ lẹ́nu wọn sórí itan, wọ́n ṣà á, wọ́n rún un wómúwómú.

"Ó ń la ojú ẹni ṣá," ni wọ́n wí.

Màmá Jasmine na gíláàsì òfìfo sí mi kí n tún un bù. "Èèyàn mélòó ló ń bọ̀ síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yìí?"

Jasmine dì mí lápá mú.

"A ò pọ̀," ni Mummy mi dáhùn. "Ọgọ́ta."

"Ọgọ́ta!"

"Ẹbí nìkan nìyẹn. Mi ò tíì ka ará ìjọ."

Màmá Jasmine yíjú sí mi. "Gíláàsì mélòó ni ìkòkò rẹ ń kún?"

"Mẹ́fà."

"Ìkòkò mẹ́wàá nìyẹn, ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì gbọdọ̀ dé níwájú èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mú bírò wá, kí o jókòó síbí." Wọ́n sún fún mi lórí àga. "Ojú iná mélòó ló wà ní gbọ̀ngán tí ẹ gbà?"

Mummy mi ti ń tẹ fóònù láti bèèrè.